Májèlé Tí À Ń Gbé Láti Oko Wá Sílé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa ní agbègbè Ọ̀fà, ìró kan a máa dún nínú oko tí àwọn baba ńlá wa kò mọ̀. Ìró pọ́ǹpù ni, pọ́ǹpù ara tanki tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ọwọ́ kan ń fà sókè sódò, tí ọwọ́ kejì ń darí omi oògùn sórí koríko. Láti ìhà Ìpéè dé Ìjàgbó, títí kan Ẹ̀rìn-Ilé, ẹni tí yóò gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà, ẹni tí yóò kọ ebè iṣu, àti ẹni tí yóò gbin ọ̀dùnkún tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ọ̀fà, oògùn apako ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ wá lọ sí ọjà.

A kò bá wọn wíjọ́. Àwọn ọmọ tí ìbá máa ro oko ti lọ sí Ìlọrin, Èkó àti Àbújá; àwọn tí ó kù nílé, ìwé ni wọ́n ń kà. Owó tí alágbàṣe ń béèrè ti ga ju ohun tí àgbà àgbẹ̀ lè san lọ. Iṣẹ́ tí ọkọ́ ìbá fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, tanki mélòó kan ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí a bá ní kí àgbẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ dànù lónìí, ebi ni a ń pè wá sílé. Kì í ṣe ohun tí a ń sọ nìyẹn.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí ni orúkọ tí a sọ nǹkan náà. Oògùn ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún ohun tí nọ́ọ̀sì ń fún ọmọ tí ibà ń ṣe ni à ń lò fún ohun tí ń pa koríko, tí ń pa kòkòrò, tí ó sì lè pa ẹni tí ń fín in. Orúkọ náà ti fi wá lọ́kàn balẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé májèlé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun kò ní lè sùn. Ṣùgbọ́n oògùn oko ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó sì ń sùn, òun àti aya àti ọmọ.

ẸNI TÍ KÒ MỌ̀

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 38 sí 41, ìyàn mú ní Gílgálì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì jáde lọ sí pápá láti wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi í sẹ́nu ni wọ́n tó mọ̀ pé ikú ti wọ inú ìkòkò. Ọlọ́run lo Èlíṣà láti gbà wọ́n, a sì máa ń yọ̀ lórí iṣẹ́ ìyanu náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí lónìí ni ọkùnrin tí ó lọ sí pápá yẹn. Kò ní ìkà nínú. Oúnjẹ ni ó ń wá fún àwọn ará rẹ̀. Kò mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni májèlé oko ṣe máa ń wọlé: ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn wa ni ó ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé aládùúgbò wa. Ìpínlẹ̀ Kwara wa bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní ìhà Bàrùtẹ́n, àwọn Bàrìbá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà náà. Ní Borgou, tí ó jẹ́ ilẹ̀ òwú lọ́hùn-ún, wọ́n ń fín oògùn kòkòrò kan tí ń jẹ́ endosulfan sí òwú nígbà kan rí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1999, ọmọkùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 12 sí 14 lọ ro oko òwú bàbá wọn ní abúlé Maregourou. Àgbàdo wà láàrin òwú náà. Bàbá ti fín oko ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò mọ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ya àgbàdo díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Kò pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn Bembereke, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú. Ní sáà òwú 1999 sí 2000 yẹn nìkan, ó kéré tán, ènìyàn 37 ni wọ́n kà pé endosulfan pa ní Borgou. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi endosulfan kún àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti mú kúrò nílẹ̀ nínú àdéhùn Stockholm. Lindane, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ sí Gamalín, ti ṣáájú rẹ̀ wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2009.

Ẹ tún ka ìtàn ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà ju àwa lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí wọ́n jókòó: pé òun fín oko lónìí, kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ń sọ ọ́? Àwọn ìyá wa ní Ọ̀fà a máa já ẹ̀bọ̀lọ̀, gbúre àti yánrin ní etí oko ẹlòmíràn láìbèèrè, torí ẹ̀fọ́ tí Ọlọ́run hù ni, kò sí ẹni tí ń bínú sí i. Ẹni tí ó bá fín oko, kí ó ri igi mọ́ ojú ọ̀nà oko náà, kí ó so àkísà pupa mọ́ ọn. (Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé ìjọ ní kí ẹ pààlè o. Àmì ni a ń wí.) Kí ó sì kéde rẹ̀ nígbà àdúrà ìdílé lálẹ́, kí àwọn ọmọ, alágbàṣe àti aládùúgbò oko gbọ́. Iye ọjọ́ tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fi wọ oko, àti iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi kórè, wà lára ìgò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ abúlé kan ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni májèlé oko ń kọlu lágbàáyé lọ́dọọdún láìmọ̀ọ́mọ̀, tí àwọn kan sì ń bá a lọ.

AWỌ ARA NI ILẸ̀KÙN

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà pé bí òun kò bá ti mu ún, kò lè ṣe òun ní nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara ni ọ̀nà tí ó pọ̀ jù tí májèlé ń gbà wọ ara ẹni tí ń fín in. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní California, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí parathion, ọ̀kan nínú àwọn oògùn kòkòrò tí ó burú jù. Wọ́n rí i pé nínú èyí tí a fi kan awọ apá, ohun tí ń wọ inú ara kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iwájú orí ń fa ìlọ́po mẹ́rin ti apá. Ṣùgbọ́n awọ tí ó bo kórópọ̀n ọkùnrin, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ó ń fà wọlé. Ẹ foríjì wá pé a sọ ọ́ gbangba báyìí. Ẹ̀mí ni a ń wá.

Ẹ wá ro ti tanki tí ń jò. Ibo ni omi rẹ̀ ń ṣàn gbà? Láti ẹ̀yìn sí ìdí, láti ìdí sí itan. Ọkùnrin náà rò pé òógùn ni ó ń là. Òógùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, awọ tí ó gbóná tí ó sì tutù fún òógùn a sì tún máa fa májèlé ju awọ gbígbẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bọ́ṣọ nítorí ooru, tí ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Aṣọ rọ́bà tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ nínú àwòrán, bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́ nínú oòrùn Ọ̀fà, yóò jinná sínú rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó dìde. Ẹ ya aṣọ òwú ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò gígùn kan sọ́tọ̀ tí kò ní iṣẹ́ míràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí pé ìbọ̀wọ́ aṣọ ń mu oògùn ni, ó sì ń fi í pamọ́ sára ọwọ́. Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu bàtà láti òde. Bí ẹ bá kì í bọ inú bàtà, omi oògùn yóò ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì máa wẹ̀ nínú májèlé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọ̀rá ńlá kan tí a so mọ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ tanki, kò wọ́n. Kí ẹ sì fi omi lásán dán tanki wò nílé kí ẹ tó gbé e lọ. Bí ó bá ń jò, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó po oògùn sí i.

Pípo gan-an ni ó léwu ju fífín lọ, nítorí pé ìgbà náà ni oògùn ṣì wà bí ó ti jáde láti inú ìgò, omi kò tíì là á. A gbọ́ nípa ẹni tí ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, tí ó sì da agolo náà padà sí ìdí ààrò. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọwọ́ lásán rò ó bí ẹni ń po èkọ. Bí ojú ibi tí omi ti ń tú jáde bá dí, àwọn mìíràn a gbé e sẹ́nu, wọn a fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pòròpórò koríko rírọ̀ tú u. Kí ẹni tí ń fín máa rìn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé oògùn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó dojú kọ afẹ́fẹ́ ń fín ara rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà kan yóò ní ó ti mọ́ àwọn lára láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò, irú bíi dichlorvos tí à ń pè ní òtapiápiá, ń ba ohun kan jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí ń jẹ́ kí iṣan lè sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Ara a máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá tún fín oògùn kí ara tó tún tirẹ̀ ṣe tán, gbèsè ni ó ń kún gbèsè. Ó lè fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí nǹkan, kí ẹ̀ẹ̀kẹrin sì gbé e ṣubú.

ÌGÒ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Ẹni tí oko rẹ̀ kò tóbi kì í ní owó ìgò odindi. Nínú àwọn ọjà wa, a máa ń bu oògùn fún un sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nígbà mìíràn sínú ọ̀rá. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí iye tí a ó fi sómi, kò sí àwòrán agbárí. Ó dé ilé, ó di ohun tí ó jọ kóòkì lórí pẹpẹ.

Paraquat ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ọmọdé pẹ̀lú, ti ṣèèṣì mu ún ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ nítorí pé inú ìgò ohun mímu ni ó wà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi ń fi àwọ̀, òórùn burúkú àti ohun tí ń múni bì sínú rẹ̀. Ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà. Kò sí oògùn tí ń lé e kúrò nínú ara. Ẹni tí ó mu ún lè máa rìn kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa le díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè mí mọ́. Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó de chlorpyrifos láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó sì de atrazine láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ìgò tí ó ti wà nínú yàrá yín di omi.

Ẹ ra èyí tí a fi èdìdì dì, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Bí owó kò bá tó, kí àgbẹ̀ méjì mẹ́ta dá owó jọ, kí wọ́n sì po ó pọ̀ nínú oko. Bí ẹ kò bá lè ka gẹ̀ẹ́sì kékeré ara ìgò, àwọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀ tí ojú lè kà: pupa ni ó burú jù, yẹ́lò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni búlúù, àwọ̀ ewé sì ni ó fúyẹ́ jù. Ọmọ tí à ń san owó ilé ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pè é, kí ó ka gbogbo rẹ̀ sókè fún bàbá àti ìyá kí a tó ṣí ìdérí.

NÍGBÀ TÍ BÀBÁ BÁ DÉ

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Bàbá dé láti oko, ọmọ sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Aṣọ tí oògùn ti gbẹ sí lára ni ọmọ náà fi ojú nù. Ìyá kó aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ ti ọmọ jòjòló nínú báàfù kan, ó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Obìnrin yìí kò gbé tanki rí láyé rẹ̀. Bóyá ó lóyún. Kí bàbá bọ́ aṣọ náà ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó fi ọṣẹ wẹ̀ kí ó tó wọ yàrá. Kí òun fúnra rẹ̀ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí ó sì da omi rẹ̀ nù jìnnà sí kànga.

Ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín nítorí kẹ́ẹ̀gì. A mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì wọ́n, tí oògùn sì dára fún epo pupa tàbí omi. Ike a máa mu májèlé sára, kò sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Nínú oko gan-an ni kí a ti fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a da omi ṣíṣàn náà sínú tanki láti fín in, kí a sì fi ìṣó lu kẹ́ẹ̀gì náà jálu kí ẹnikẹ́ni má bàa lè gbé e lò. Ẹ má ṣe dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀.

Ti oúnjẹ tí a kó pamọ́ tún wà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ sínú àpò àgbàdo àti ẹ̀wà nítorí kòkòrò ń di afẹ́fẹ́ olóró bí ọ̀rinrin bá ti kàn án. Inú abà tí a dí pinpin, tí ènìyàn kankan kò sùn sí, ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó sọ ọ́ sínú àpò nínú yàrá ìsùn lè má jí. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin kọ̀wé lórí ìdílé márùn-ún nínú ìlú Ìlọrin tí wọ́n jẹ májèlé nínú èlùbọ́. Ìlọrin yìí náà ni, kò jìnnà, èlùbọ́ tí àwa náà ń rò ní àmàlà sì ni.

ÀWỌN TÍ Ń TỌ́KA SÍ MÁÀKÙ

Bí a bá sọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn ará, ẹnìkan yóò dìde, yóò tọ́ka sí Máàkù 16:18 àti ìlérí tí ó wà níbẹ̀ nípa ohun tí ó ní májèlé. A gba ìlérí náà gbọ́, a kò sì ní ti ẹnikẹ́ni kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Pọ́ọ̀lù ní Màlítà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28. Igi ìdáná ni ó ń ṣà nígbà tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́; kò wá paramọ́lẹ̀ lọ. Ó gbọn án sínú iná, a kò sì kà á pé ó padà lọ ki ọwọ́ bọ ìdí igi lọ́jọ́ kejì láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Èṣù ni ó sọ fún Olúwa wa pé kí ó fò sílẹ̀ láti orí tẹ́mpìlì, tí ó sì fi Ìwé Mímọ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin tí Ọlọ́run fún Mósè, nínú Deutarónómì 22:8, ní kí ẹni tí ó kọ́ ilé tuntun mọ ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá já bọ́ má bàa wà lọ́rùn ilé náà. Onílé ni Ọlọ́run bá wí níbẹ̀.

Ohun tí ó tún ká wa lára ni èyí. Ọkùnrin kan dé láti oko, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ṣú, ó ń bì. Kíá ni a ó ti sọ pé ọfà ọ̀tá ni, pé àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ti débẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí ilé àdúrà. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin ìyá ìjọ, kí ẹ tó béèrè orúkọ ìyá ìyàwó bàbá rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó fín láàárọ̀. Ilé ìwòsàn ní abẹ́rẹ́ atropine tí wọ́n ń lò fún irú oògùn kòkòrò bẹ́ẹ̀, wákàtí kan sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin ìyè àti ikú. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ tí ń gbé e lọ.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Ẹ gbé ẹni náà kúrò nínú oko. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí ẹ tó bọ́ aṣọ rẹ̀, nítorí àwọn olùrànlọ́wọ́ náà ti kó o rí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, títí kan irun orí àti abẹ́ èékánná. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Ẹ wo ọmọlójú rẹ̀: bí ó bá kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. A mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é láti ìran dé ìran nìyẹn, ṣùgbọ́n epo tí a fi ipá rọ sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì ń ran àwọn májèlé kan lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un bì. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa fún un lọ́rùn.

Kí ẹnìkan sì sáré padà lọ mú ìgò oògùn náà, pẹ̀lú ìwé tí ó wà lára rẹ̀, kí ó dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ó gbé e tẹ̀lé ẹni tí à ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Orúkọ tí ó wà lára ìgò náà ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.